Ibà Tí Apá Kuníìnì Ò Ká: Ìtọ́jú Alárù Kan Lójú Ogun Bọ́mà

Nígbà tí wọ́n gbé ọkùnrin náà dé, kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ já. Alárù ni, ọmọ Tiv, ọ̀kan nínú àwọn tí kì í gbé ìbọn, tó jẹ́ pé orí ni wọ́n fi ń ru oúnjẹ, ọta àti oògùn tẹ̀lé àwọn ṣọ́jà kiri inú igbó. Ara rẹ̀ gbóná, orí ń fọ́ ọ gidigidi, ẹyin ojú rẹ̀ pọ́n. Irú rẹ̀ pọ̀ lọ jàra nínú àgọ́ ìtọ́jú lójú ogun. Dírẹ́sà tó gbà á wọlé, ọ̀dọ́mọkùnrin Yorùbá kan tí iṣẹ́ ológun sọ di olùtọ́jú aláìsàn, kọ "ibà" sí káàdì rẹ̀, ó fún un ní kuníìnì gẹ́gẹ́ bí àṣẹ dókítà, ó sì kọjú sí ẹni tó kàn.

Ẹnu dírẹ́sà yìí ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, nígbà tí wọ́n ti di bàbá arúgbó, tí wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní dárúkọ aláìsàn wọn. Mo fi ìtàn náà ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, nítorí pé nínú gbogbo èyí tí mo mọ̀, òun ló fi hàn jù pé ẹni tó ń wẹ aláìsàn, tó ń fún un lómi mu, ló wà nípò láti kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣe é.

Ogun Hítílà ni wọ́n ń pè é nílé, ṣùgbọ́n àwọn ará Japan ni àwọn ọmọ wa lọ kò lójú ní Bọ́mà, Myanmar òní. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn tó ń wọ àmì aláǹtakùn dúdú lápá, ti kọ́kọ́ wọ àfonífojì odò Kaladan ní ìbẹ̀rẹ̀ 1944. Ọwọ́ àti ọkọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà jíìpù tó gùn tó máìlì 75 gba orí àwọn òkè kí wọ́n tó débẹ̀. Ní ìparí ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún padà sínú àfonífojì yẹn, lójú ọ̀nà tó gbé wọn dé ìlú Myohaung ní oṣù kìíní 1945. Bàálù ló ń ju oúnjẹ àti oògùn sílẹ̀ fún wọn látòkè. Alárù ló ń gbé e dé ibi tó ń lọ. Àárín ìrìn kejì yìí ni ọ̀rọ̀ wa bọ́ sí.

Ilé ìwòsàn tí à ń sọ yìí kì í ṣe ilé. Tapólì mélòó kan ni, ọparun tí wọ́n gé nínú igbó, àpótí oògùn, fìtílà, àti sítẹ́rẹ́ṣà tí ènìyàn mẹ́rin ń gbé. Ìdajì rẹ̀ á ṣí fún aláìsàn. Ìdajì kejì á di ẹrù, á tẹ̀lé àwọn jagunjagun lọ síwájú. Tí ti iwájú bá ti ṣí tán, ti ẹ̀yìn á palẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá rò pé ọgbẹ́ ìbọn ló kún irú ibẹ̀ kò tíì mọ ogun Bọ́mà. Ní 1943, fún ẹnì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gbé kúrò lójú ogun náà nítorí ọgbẹ́, ènìyàn 120 ni wọ́n gbé kúrò nítorí àìsàn. Ibà ni ọ̀gá wọn, ìgbẹ́ ọ̀rìn tẹ̀ lé e.

Ìdí nìyẹn tí káàdì fi máa ń tètè gba "ibà". Ọjọ́ kẹta kuníìnì pé, ara alárù yìí kò rọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kòkòrò ibà sì wà níbẹ̀ lóòótọ́. Dókítà, òyìnbó tó mọṣẹ́ rẹ̀ tó sì láàánú, gbà pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: ọkùnrin náà ti ń tu mepacrine rẹ̀, oògùn tí wọ́n fi ń dènà ibà, dànù ni. Ojoojúmọ́ ni gbogbo ọmọ ogun gbọ́dọ̀ gbé oògùn kíkorò yẹn mì. Slim, ọ̀gá àgbà Ẹgbẹ́ Ọmọ Ogun Kẹrìnlá, kò sì fi ṣeré. Ó ní ọ̀gá tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé àwọn ọmọ ogun rẹ̀ tó lo oògùn náà kò tó 95 nínú 100, òun á yọ ọ́ nípò. Síbẹ̀, àhesọ wà láàárín àwọn ṣọ́jà pé ó ń sọ ọkùnrin di akúra, àwọn kan sì ń fi í pamọ́ sábẹ́ ahọ́n.

Àyẹ̀wò yẹn kò parọ́, ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò tọ́. Àgbàlagbà tó dàgbà níbi tí ẹ̀fọn ti ń jẹ èèyàn láti kékeré lè gbé kòkòrò ibà kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìjẹ́ pé ó ń ṣe é ní nǹkan kan. Kí a bá kòkòrò lára irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tó ẹ̀rí pé òun ló mú ara rẹ̀ gbóná. Fún òyìnbó tí ara rẹ̀ kò mọ ibà rí, ẹ̀rí ńlá ni. Dókítà náà ń fi ojú tó fi ń wo àwọn ọmọ ilé rẹ̀ wo ọmọ Áfíríkà.

Ní ọjọ́ kẹfà àìsàn náà, nǹkan mìíràn yọjú. Wọ́n á pe ọkùnrin yìí, kò ní dáhùn. Wọ́n á ní kó yí ẹ̀gbẹ́, á kàn tẹjú mọ́ wọn. Sájẹ́ǹtì tó ń bójú tó àgọ́ ní alágídí ni, pé àwọn alárù ò fẹ́ràn àṣẹ. Dírẹ́sà wa kò gbà. Ó dúró sẹ́yìn ọkùnrin náà, ó fi ṣíbí lu agolo, aláìsàn kò mira. Etí rẹ̀ ti di. Dókítà ní kuníìnì ló fà á, nítorí kuníìnì máa ń mú kí etí hó, a sì máa di í. Ó ní kí wọ́n dá a dúró. Wọ́n dá a dúró, etí kò là, ara sì gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí nìyí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, dírẹ́sà náà pinnu láti wẹ̀ ẹ́ látòkè délẹ̀. Títí di ìgbà yẹn, ojú, àyà àti ẹsẹ̀ nìkan ni wọ́n ń fi aṣọ tútù nù, nítorí omi ṣọ̀wọ́n, ọwọ́ ò sì tó iṣẹ́. Ó tú ṣòkòtò rẹ̀, ó gbé fìtílà sún mọ́ ọn. Lábẹ́ itan ọ̀tún, níbi tí awọ ti ká lu ara, ó rí èépá dúdú kan tí kò tóbi ju èékánná ọmọdé lọ, etí rẹ̀ ga díẹ̀ yí ká bíi ibi tí iná sìgá jó. Ó fọwọ́ kàn án, aláìsàn kò rọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó tẹ àwọn kókó tó wú lókè itan yẹn, ó rọ́jú. Dírẹ́sà náà tún káàdì wò, ó rí ohun tó ti ń kọ láti ọjọ́ mélòó kan tí kò bá ara mu: ìgbónára ti dé 104 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ṣùgbọ́n ìlù iṣan lọ́rùn ọwọ́ kò ju 88 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ara tó gbóná tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó mú ọkàn sáré jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó lọ jí dókítà. Ní kété tí dókítà rí èépá náà, ó dárúkọ àìsàn ọ̀hún: scrub typhus. Ọmọ kòkòrò pupa kan tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ló ń fi í lé èèyàn lára. Ara eku igbó ni ó ń gbé, inú koríko gíga àti oko àtijọ́ tí wọ́n pa tì ló fẹ́ràn, ibi tí aṣọ bá ti fún mọ́ ara ló sì ń lọ bù jẹ: abíyá, abẹ́ itan, ìgbáròkó. Ìbùjẹ náà kì í dun ni. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́wàá sí méjìlá lẹ́yìn náà kí ara tó gbóná. Ìwé àwọn dókítà ní ara á sú pupa káàkiri àyà àti ikùn. Lára funfun, afọ́jú nìkan ni kò ní rí i. Lára adúláwọ̀, lábẹ́ fìtílà nínú igbó, kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan. Bí kì í bá ṣe pé wọ́n bọ́ ṣòkòtò ọkùnrin náà, ibà ni wọn ì bá máa wò lọ títí.

Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò lẹ́yìn. Àyẹ̀wò ìgbà náà, ọ̀sẹ̀ kejì àìsàn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, èsì sì dé nígbà tí ìjà inú ara rẹ̀ ti parí. Bó bá tilẹ̀ tètè dé, kò sí oògùn. Ní 1944, kò sí ohunkóhun nínú àpótí dókítà kankan tó ń pa àìsàn yìí. Ọdún 1948, ní Màléṣíà òní, ni wọ́n tó fi chloramphenicol wò ó, tó sì ṣiṣẹ́. Lónìí, doxycycline ni à ń lò. Nígbà yẹn, ọwọ́ olùtọ́jú ni oògùn.

Ọjọ́ kejì ni àṣẹ dé pé kí àgọ́ tẹ̀ síwájú. Ohun méjì ló wà nílẹ̀: kí wọ́n gbé e lọ síbi tí bàálù kékeré lè balẹ̀, kó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lẹ́yìn, tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn díẹ̀ tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀kọ́ ológun ní kí a tètè gbé aláìsàn kúrò níwájú. Dókítà yan bàálù, mi ò sì lè bá a wí, nítorí bí mo bá wà níbẹ̀, ohun tí èmi náà ì bá sọ nìyẹn.

Dírẹ́sà náà rìn ní ẹ̀gbẹ́ sítẹ́rẹ́ṣà. Ojú ọ̀nà gba inú odò olókùúta, ó gun òkè, ó sọ̀ kalẹ̀, àwọn agbégbé ń yọ̀, ara aláìsàn ń fì sọ́tùn-ún sósì. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láti sinmi, á di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú, á ka ìlù iṣan, á kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì. Nígbà tí wọ́n gbéra, 92. Lẹ́yìn odò, 108. Lórí òkè àkọ́kọ́, 120. Nígbà tó di 132, ètè ọkùnrin náà ti gbẹ, ó ti ń fi ọwọ́ he nǹkan tí kò sí lórí bùláńkẹ́ẹ̀tì. Ọmọ adúláwọ̀ tí kò ní ipò kankan láti bá ọ̀gá òyìnbó jiyàn ni dírẹ́sà wa. Bàbá náà sọ fún mi pé àwọn ò jiyàn. Wọ́n na káàdì sí dókítà, wọ́n ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀." Ó kà á, ó wo aláìsàn, ó ní kí wọ́n yí padà.

Ohun tí àwọn dókítà ológun kọ́ nínú ogun yẹn nìyẹn, ní Bọ́mà àti ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì: aláìsàn scrub typhus tí ara rẹ̀ ṣì ń gbóná kò fẹ́ ìrìn. Àìsàn náà ń ba ojú iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́, ọkàn ń ṣiṣẹ́ lórí ìwọ̀nba agbára, gbogbo fífì àti gbígbọ̀n sì ń ná nínú agbára náà. Ó sàn kí a gbé olùtọ́jú lọ bá a.

Wọ́n dá àgọ́ kékeré sílẹ̀ fún un lẹ́bàá odò pẹ̀lú àwọn aláìsàn mìíràn tí kò ṣeé gbé, àwọn ṣọ́jà díẹ̀ ń ṣọ́ wọn. Dókítà ń bọ̀ ń lọ láàárín ibẹ̀ àti iwájú. Dírẹ́sà ló jókòó tì wọ́n.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni omi. Ọkùnrin náà kò béèrè omi, kò sì gbà á tí wọ́n bá gbé kọ́ọ̀pù sí i lẹ́nu. Nígbà tí ìtọ̀ rẹ̀ kéré tó sì dúdú, dókítà ní kí wọ́n fa dírípù omi iyọ̀ sí i lápá. Ìgò àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Nígbà tí èkejì dé ìdajì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí hìì-hìì, àyà rẹ̀ ń hó, ìfófòó díẹ̀ sì yọ létí ẹnu rẹ̀. Dírẹ́sà dí dírípù náà lójú ẹsẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ ga sókè, ó ránṣẹ́ pe dókítà. Iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ti ń jò kò lè gba omi wàràwàrà. Inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń dà á sí. Láti ìgbà náà, ẹnu nìkan ni omi ń gbà wọlé. Tíì onísúgà tí wọ́n fi mílíìkì alágolo sí, ṣíbí kan, kó dúró kó gbé e mì, ṣíbí mìíràn, tọ̀sán-tòru. Gbogbo ohun tó wọlé àti gbogbo ìtọ̀ tó jáde ni wọ́n fi agolo kan náà wọ̀n, wọ́n sì kọ ọ́. Wọ́n ń yí i ní ẹ̀gbẹ́ lẹ́yìn wákàtí méjì-méjì, wọ́n ń fi aṣọ tí wọ́n rì sínú omi nù ún lẹ́nu, nítorí ahọ́n rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìṣòro kejì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Láti ọjọ́ kẹwàá, tí ilẹ̀ bá ti ṣú, á dìde. Ọkùnrin tí kò lè gbé kọ́ọ̀pù lọ́sàn-án á fò sókè lóru, á ya nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, á sì dorí kọ igbó. Èèyàn méjì ló ń dì í mú. Nígbà tí wọ́n bá fi máa dá a padà sórí ibùsùn, ìlù iṣan rẹ̀ á ti kọjá 140. Wọ́n fi okùn dè é lẹ́ẹ̀kan, ó bá okùn jà títí ilẹ̀ fi mọ́, èyí sì burú ju dídìde lọ. Wọ́n fún un ní oògùn oorun, kò ràn án. Hausa tí gbogbo wọn jọ ń sọ nínú iṣẹ́ ológun ti sá lórí rẹ̀, èdè Tiv nìkan ló kù, dírẹ́sà wa kò sì gbọ́ ọ̀kan nínú rẹ̀.

Ó wá alárù mìíràn tó jẹ́ ọmọ Tiv rí láàárín àwọn tó ń gbé oúnjẹ bọ̀. Ó bẹ ọ̀gá wọn kí ó jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú. Nígbà tí ọkùnrin náà dìde lóru, ará ìlú rẹ̀ tẹ́tí sí i, ó sì wí pé: "Ẹrù rẹ̀ ló ń wá. Ó ní wọ́n ti gbé àpótí òun, pé wọ́n á ní òun ló jí i."

Àwọn tó mọ ìgbésí ayé alárù á mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹrù tí wọ́n bá fi lé ọ lórí ní àárọ̀, ìwọ lo máa dáhùn fún un nírọ̀lẹ́. Dírẹ́sà náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó gbé òfìfo àpótí oúnjẹ kan wá, ó gbé e ti orí ibùsùn, ó mú ọwọ́ aláìsàn náà lé e. Ọkùnrin náà fọwọ́ pa á látòkè délẹ̀, ó fọwọ́ kan okùn tí wọ́n fi dì í, ó sì dùbúlẹ̀. Kò dìde mọ́ lóru yẹn. Lálaalẹ́ lẹ́yìn náà, àpótí yẹn kò kúrò níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàlá àti ìkẹrìnlá le. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ìlù iṣan rẹ̀ fúyẹ́ débi pé ìka kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i kà. Ohun tí bàbá náà sọ nípa ọjọ́ méjèèjì kò pọ̀: wọ́n ń fi ṣíbí fún un lómi, wọ́n ń yí i, wọ́n ń kọ ọ́. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún, ìgbónára wá sí 101. Ọjọ́ kejì, 99. Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́. Ó béèrè oúnjẹ.

Ó wù ú láti dìde lójú ẹsẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń rẹ́rìn-ín pé akọni ni. Dírẹ́sà náà kọ̀ jálẹ̀. Ọkàn tí àìsàn yìí ti bà jẹ́ lè dákú nígbà tí èèyàn bá kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ara ti rọ̀. Ó jẹ́ kó jókòó díẹ̀díẹ̀, ó ń ka ìlù iṣan ṣáájú àti lẹ́yìn. Nígbà tí ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì kò pọ̀ mọ́, wọ́n gbé e, láìsáré, lọ síbi tí bàálù kékeré balẹ̀ sí, ó sì lọ ní ìdùbúlẹ̀. Etí rẹ̀ ti ń là nígbà yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú àgọ́ náà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí àwọn olùtọ́jú fi ọkàn sí jù. Wọn kò dúró de àṣẹ láti òkè. Gbogbo ẹni tí ara rẹ̀ bá gbóná, ìbáà jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní kòkòrò ibà, wọ́n ń bọ́ ọ níhòòhò, wọ́n ń wo abíyá, abẹ́ itan, ìdí àti ibi tí ìgbànú ń fún mọ́. Wọ́n rí èépá lára àwọn mìíràn kí ọjọ́ àìsàn wọn tó pọ̀. Wọ́n tún wo ibi tí àwọn alárù ń sùn. Inú koríko etí oko àtijọ́ ni, nílẹ̀ẹ́lẹ̀, nígbà tí àwọn ṣọ́jà ní ibi gíga. Wọ́n gé koríko náà, wọ́n sun ún, wọ́n sì rí i pé oògùn tí wọ́n ń fi pa aṣọ kí kòkòrò má bàa sún mọ́ni dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò gbé ìbọn pẹ̀lú.

Fún àwa tó ń ṣiṣẹ́ lónìí ní àgọ́ tó ń ṣí kiri, yálà ti ogun tàbí ti omíyalé, ìdánwò ibà tó sọ pé "ó wà" ṣì ń tàn wá bó ṣe tan dókítà yẹn. Tí ara kò bá rọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta oògùn tó péye, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti orí awọ. Ẹ ka ìlù iṣan ṣáájú ìrìn, láàárín ìrìn àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó ní àṣẹ rí i ní kíkọ. Ẹ má fi dírípù dípò ṣíbí nítorí pé ó yá. Ẹni tó bá ń jà lóru, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè rẹ̀ kí ẹ tó wá okùn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé tí a fi ń fa aláìsàn lé olùtọ́jú mìíràn lọ́wọ́. Káàdì tí dírẹ́sà yẹn so mọ́ ọrùn ọkùnrin náà kí bàálù tó gbé e kò dárúkọ àìsàn nìkan. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé etí rẹ̀ kò tíì là tán, pé èdè Tiv ni kí wọ́n fi bá a sọ̀rọ̀ tó bá rúdurùdu, pé kí wọ́n má fa omi sí i lápá, pé kí wọ́n má jẹ́ kó dá rìn lọ sí ilé ìyàgbẹ́, àti pé tó bá ń wá ẹrù rẹ̀, kí wọ́n gbé àpótí kan tì í.